Wọ́n fẹ́ rán àbúrò mi lọ sí Borno
Ẹ kúu déédéé ìwòyí o. Akúrẹ́ ni mò ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin, oníròyìn rédíò, ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ rán lọ sí Borno lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní aṣọ tí ọta ìbọn kì í wọ̀ ńkọ́? Bàtà kánfáàsì tuntun ló gbé hàn mí! Adójútòfò kankan ò sí. Màmá wa ò gbàgbé Krees Imodibie àti Tayo Awotunsin, àwọn oníròyìn wa tí wọ́n pa ní Làìbéríà ní 1990. Láti àná ni Màmá ò ti jẹun. Àbúrò mi ní dandan ni kóun lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣerú iṣẹ́ yìí rí, kí ló yẹ kó gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó wọkọ̀?