Níbo ni kí n de jáàkì gíga mọ́ tí kò fi ní máa fò?

Oníjíìpù Kúkúrú:
Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, mo kí yín o. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ jó irin tí màá tún padà gé dànù.

Jáàkì Hi-Lift ni mo ní, èyí gíga tí ihò tò sára òpó rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ti ínṣì 48 ni, ó sì lé díẹ̀ ní kìló 13 nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, okùn ni mo fi ń dè é mọ́lẹ̀ nínú búùtù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo já sí kòtò kan tí koríko bò. Okùn já, jáàkì gbéra nílẹ̀, ó fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì yẹn gan-an ni ọmọ mi máa ń gbé orí lé tó bá ń sùn. N ò fẹ́ rí jáàkì yẹn nínú ọkọ̀ mi mọ́.

Ọkọ̀ náà kúrú, ilẹ̀kùn méjì ló ní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló dáa. Ẹlòmíì ní kí n gbé e sórí òrùlé. Wẹ́dà ní ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà sípíà. Ibo lẹ de tiyín mọ́? Irú bóòtù wo lẹ lò?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Kú ewu o, àbúrò. Inú ọkọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́, okùn ló ṣẹ̀ ọ́. Tí wọ́n bá fi bóòtù de jáàkì mọ́ irin ilẹ̀ ọkọ̀, kò ní fò. Ṣùgbọ́n ó yé mi tí ọkàn rẹ ò bá gbà á mọ́.

Ṣé o mọ bí nǹkan yẹn ṣe ń wúwo sí i? Kìló 13 ni tó bá dúró jẹ́ẹ́. Tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, tí ìdádúró náà le tó ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀, bí ẹrù kìló 260 ni yóò ṣe fa ohun tí o fi dè é. Okùn wo ló fẹ́ gba ìyẹn? Nítorí náà, má kọ́kọ́ béèrè ibi tí yóò wà. Ohun tí ibẹ̀ dì mọ́ ni kí o béèrè. Páànù fẹ́lẹ́ lásán ni, àbí irin tó bá ṣáṣí, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, tan?

Bọ́nẹ́ẹ̀tì, páànù fẹ́lẹ́ ni. Yàtọ̀ sí pé yóò dí ọ lójú, tí ọkọ̀ bá kọ lu èèyàn, irin yẹn lẹni náà fẹ́ fi ara sọ. Èmi ò ní fi síbẹ̀ láéláé.

Akẹ́rùsókè:
Orí òrùlé ni tèmi wà, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Ẹrẹ̀ kì í dé ibẹ̀, eruku ibẹ̀ ò sì tó ti ẹ̀yìn ọkọ̀. Jáàkì tí yanrìn bá ti wọ inú rẹ̀, òkú irin ni. Mo fi kíláǹpù méjì dè é mọ́ igi ráàkì tó sún mọ́ ọn jù, mo fi rọ́bà sí àárín irin àti alumíníọ̀mù kí ìpẹtà má bàa jẹ ẹ́. Ó tán.

Màmá Onímọ́tò:
Ẹ̀gbọ́n Akẹ́rùsókè, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí bàtà yín ò ṣeé fà yọ, ta ló ń gun òkè lọ gbé kìló 13 wá? Èmi gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ ọ́ lulẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bá ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ kejì ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Àti pé ọkọ̀ kúkúrú ni tìẹ, Oníjíìpù. Ọkọ̀ kúkúrú tó ga, tí ẹrù tún wà lórí rẹ̀, tètè máa ń fẹ́ ṣubú tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè. Wo ráàkì rẹ pẹ̀lú: ìwọ̀n tí wọ́n kọ pé ó lè gbé tí ọkọ̀ bá ń rìn kéré púpọ̀ sí èyí tó lè gbé tó bá dúró.

Akẹ́rùsókè:
Òótọ́ ni o, màmá. Ọkọ̀ tèmi gùn, àwọn ọmọ wa ọkùnrin ló sì ń gbé e sọ̀ fún mi. 😄

Wẹ́dà Àgbà:
Ẹ jẹ́ n dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀yìn dáa, tí irin tó gbé táyà sípíà bá jáde láti ara bọ́ńpà onírin tàbí láti ṣáṣí. Tó bá jẹ́ ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni táyà kọ́ sí, má fi jáàkì kún un. Ìdè ilẹ̀kùn yẹn ti ń ru táyà tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́ ilẹ̀kùn yóò wọ́lẹ̀, kò ní pa dé mọ́.

Ojú ibi méjì ni kí o ti mú un, kí wọ́n jìnnà síra dáadáa. Ẹyọ kan ò tó, á máa mì bí agogo. Kí bóòtù gba inú ihò òpó kọjá. Má gbára lé kíláǹpù tó kàn fún un lára. Mú èyí tó bá lè kún ihò náà jù, M10 tàbí M12 (èyí tó nípọn tó mílímítà 10 tàbí 12), kí o rí àmì 8.8 lórí rẹ̀, òun ló ń fi hàn pé irin rẹ̀ lágbára. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú ni kí o fi dè é, nítorí gbígbọ̀n máa ń tú nọ́ọ̀tì lásán. Níbi tí irin bá ti fẹ́lẹ́, fi pákó irin sẹ́yìn rẹ̀, wáṣà nìkan á ya wọlé ni.

Ohun méjì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń gbàgbé: kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kí wọ́n tó jó nǹkan mọ́ ọkọ̀. Kí wọ́n má sì jó ohunkóhun mọ́ òpó jáàkì fúnra rẹ̀, kí wọ́n má lu ihò tuntun sí i. Iná máa ń ba agbára irin yẹn jẹ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ ṣeun, Wẹ́dà Àgbà. Kó má dí iná ẹ̀yìn àti nọ́ńbà ọkọ̀, kó má sì yọrí kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Àbúrò, ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ́: ṣé ibi tí jáàkì yẹn máa gbé gan-an wà lára ọkọ̀ rẹ? Mo ti rí ẹni tó de jáàkì mọ́ ọkọ̀ rèǹtè-rente, tí bọ́ńpà rẹ̀ sì jẹ́ ike níwá lẹ́yìn.

Oníjíìpù Kúkúrú:
Hà, ẹ má bú mi o. Irin ni bọ́ńpà ẹ̀yìn, òun náà ló gbé táyà, kò kan ilẹ̀kùn. Ti iwájú ló jẹ́ ike.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ̀yìn náà ni nígbà náà. Fún iwájú, wá ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé táyà fúnra rẹ̀.

Màmá Onímọ́tò:
Tó bá ti wà lẹ́yìn, eruku àti ẹrẹ̀ tí táyà ń ta ló máa mu. Rán àpò tápólì fún orí rẹ̀, ibi tí àwọn píìnì àti sípíríìnì wà. Fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, má fi gírísì, nítorí gírísì máa ń di yanrìn mú. Kí o sì máa gbé e sọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi gbé ọkọ̀ nílé, kó má jẹ́ inú igbó lo ti máa mọ̀ pé ó ti gan.

Yí ìkọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń yan bóyá jáàkì á gòkè tàbí á sọ̀ kalẹ̀, sí òkè kí o tó dè é. Tó bá wà ní ìsàlẹ̀, tí kò sì sí ẹrù lórí rẹ̀, ńṣe ni orí jáàkì máa ń yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oníjíìpù Kúkúrú:
Mo padà dé o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Wẹ́dà fi irin méjì sára irin táyà sípíà, 70 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín wọn. M12 gba òkè àti ìsàlẹ̀ kọjá, àgádágodo wà lórí ọ̀kan. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí nọ́ọ̀tì àti irin kí n lè rí i tó bá yí. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 50 mo bẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ti yí díẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, nọ́ọ̀tì lásán ni mo fi síbẹ̀ torí onírọ́bà ò pé. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ó ku nǹkan kan. Lórí òkúta ó ń ró kì-kì-kì-kì títí orí fi ń fọ́ mi. Gbogbo bóòtù le.

Màmá Onímọ́tò:
Ọwọ́ jáàkì ni. Ó ń gbá òpó. Fi rọ́bà há a.

Oníjíìpù Kúkúrú:
Mo gé túúbù táyà àtijọ́, mo fi wé ọwọ́ àti òpó pọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà olókùúta dé báyìí ni. Ohùn ọmọ mi tó ń kọrin lẹ́yìn nìkan ni mo gbọ́. Ẹ ṣeun gan-an ni.