Kí ni mo lè fi ìrépé, àpò ìrẹsì àti òfì àtijọ́ ṣe fún àwọn ará ilé ọkọ mi?

Ìyá Ràmọ́tù (Gáà-Àkànbí)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọyẹ́ ti ń yọjú, iléèwé fẹ́ gba ìsinmi, a ó sì lọ kí ìyá ọkọ mi ní Òkélele, nílùú Ìlọrin níbí. N kò fẹ́ fọwọ́ lásán lọ, bẹ́ẹ̀ owó tó wà nílẹ̀, owó iléèwé àwọn ọmọ ni. Ohun tó pọ̀ nílé mi ni ìrépé áńkárá àti léèsì tí télọ̀ mi máa ń kó fún mi, àpò ìrẹsì, agolo mílíìkì, kéréètì ẹyin onípáálí, àti òfì ìgbéyàwó mi tí àárín rẹ̀ ti gbó ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì dáa. N kò ní máṣíìnì, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo mọ̀ ọ́n lò.

Ìyá àgbà fúnra wọn ni mo fẹ́ ṣe nǹkan fún, àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí wọn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Mo mọ ẹnu àwọn ará ilé wa. Wọn ò ní pẹ́ sọ pé ìyàwó Gáà-Àkànbí di ẹrù àkísà wá kí wa.

Télọ̀ Ọ̀fà

Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ ya ìrépé yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ́ áńkárá láyé ìsinsìnyí ni òwú. Ẹ fa fọ́nrán méjì-mẹ́ta yọ létí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú gbá a mú, ẹ ràn án níná lórí àwo irin. Tó bá jó di eérú tó fẹ́lẹ́, tó ń rùn bíi bébà tó ń jóná, òwú nìyẹn. Tó bá sún kì, tó yọ́, tó wá di kókó líle tí èèyàn ò lè fọwọ́ rún, ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Léèsì tó pọ̀ jù lọ, ti ọ̀rá ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ohun tó máa wúlò fún ìyàwó àbúrò ọkọ yín ni aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rá rán an, yóò yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òwú nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbó ṣe inú rẹ̀ ní ìpele méjì. Ẹ má fi fóòmù sí i o, fóòmù náà ń yọ́. Kó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti rán etí rẹ̀ tán, ẹ rán ìlà gba àárín rẹ̀ ní ìbú àti ní òòró, kí táwẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ má baà wọ́ jọ sójú kan tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Méjì ni kẹ́ ẹ ṣe. Ta ló ń fi ọwọ́ kan gbé ìkòkò àmàlà?

Alhaja Pàkátà

Ẹ má bínú sí mi. Fún ìyàwó àbúrò ọkọ àti àwọn ọmọ, ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ kọ́ là ń rán ìrépé fún. Ẹ ra ṣúgà àti mílíìkì, ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀, ó parí. Àgbà á gba ìrépé lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì ṣàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ni wọ́n máa ti sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì (Òmù-Àrán)

Alhaja, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe rí ní Ìlọrin, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn tán. Ohun tó ń sọ ìrépé di àkísà ni etí tó ń tú àti àwọ̀ tí kò bára mu. Kúbùsù kékeré ni èmi máa ṣe fún ìyá, èyí tó bo orúnkún dé ẹsẹ̀, fún ìdájí tí wọ́n bá jókòó lẹ́yìn ìrun nínú ọyẹ́. Kúbùsù odindi, ẹ má dán an wò pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọwọ́, ẹ ò ní parí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ fọ ìrépé náà kẹ́ ẹ tó gé e, torí àwọ̀ áńkárá tuntun máa ń jáde, aṣọ náà sì máa ń sún kì. Ẹ gé páálí kan ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, òun lẹ ó máa fi wọn gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ méjì péré ni kẹ́ ẹ mú, oríṣiríṣi ló ń ba á jẹ́. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ dúró lókèèrè wò ó kẹ́ ẹ tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ìró gbígbó tàbí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì máa ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Bàbá Tísà (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ẹ jẹ́ kí n gba ti àwọn ọmọ sọ. Kéréètì ẹyin tó wà nílé yín, ọpọ́n ayò ni. Ihò 30 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà márùn-ún. Ẹ gé ìlà méjì tó tẹ̀ léra, ihò 12 dé yẹn, bí ọpọ́n ayò ṣe rí gẹ́lẹ́. Ìpele kan ṣoṣo kò ní lágbára. Ẹ to mẹ́ta léra, ẹ fi láfún tí ẹ rò lórí iná lẹ̀ wọ́n pọ̀, kó ki, kó má ṣàn, kẹ́ ẹ sì fi ìka tẹ ihò kọ̀ọ̀kan wọlé kí afẹ́fẹ́ má baà há sáàárín. Kéréètì mẹ́ta á fún yín ní ọpọ́n méjì. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dénú. Tí ọ̀rinrin bá kù níbẹ̀, aáyán ò ní jẹ́ kó dé Òkélele. Tí ọ̀dà bá kù nínú agolo kan nílé, ẹ fi kùn ún.

Ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Èkùrọ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tó dán máa ṣe é. Ẹ rán àpò kékeré fún un nínú ìrépé. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu bá wà láàárín wọn, ẹ fi ayò sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò fún un. Sílípáàsì tó já lẹ ó gé táyà rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣí agolo yẹn máa ń gé ọwọ́, ẹ fi òòlù tẹ etí rẹ̀ mọ́ inú dáadáa.

Ìyá Ràmọ́tù (Gáà-Àkànbí)

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ ọwọ́ kò sí láàárín wọn mọ́, obìnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn gan-an ló máa ń jẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyò. Òfì ńkọ́? Ọkàn mi ò gbà kí n ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

Ọmọ Ahunṣọ (Ìlọrin)

Ẹ má gé e, ẹ tú u ni. Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì ń jáde lọ́wọ́ àwa ahunṣọ, aránṣọ ló so ó pọ̀. Ẹ fi réésà tú ojú ìrán rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé èyí tó gbó á dá wà lọ́tọ̀, èyí tó dáa á dá wà lọ́tọ̀. Ibi tó bá di dandan kẹ́ ẹ gé, ẹ kọ́kọ́ rán ìlà kan sí ọ̀tún, ìlà kan sí òsì ibi tí sísọ́ọ̀sì máa gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tú mọ́ yín lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ ìyá mi ni, àpò Kùránì ni mo máa fi rán. Ẹ so tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ ṣe inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bọ́tìnì ṣe ẹnu rẹ̀, torí síìpù máa ń họ èèpo ìwé. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ bá yín wọn Kùránì wọn ní kọ̀rọ̀. Òfì tí ẹ fi wọlé ọkọ, ta ló fẹ́ pè é ní àkísà?

Alhaja Pàkátà

Hẹn-ẹ́n! Èyí ni mo gbà. Tí àmù Dáda, ìkòkò omi tí wọ́n ń mọ ní Ìlọrin, bá ṣì wà nílé wọn, ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbó yẹn ṣe òṣùká rẹ̀. Ìdí àmù rí roboto, kò lè dá dúró lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ ká àkísà sínú, ẹ wá fi òfì wé e yípo, kẹ́ ẹ rán an pa. Àmọ́ ẹ ra mílíìkì yẹn náà o.

Ìyá Onírẹsì (Sáńgo)

Ẹ ò dárúkọ àpò ìrẹsì mọ́. Bàágì ọjà ni kẹ́ ẹ fi rán. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ fi iná àbẹ́là ra etí rẹ̀ fìrí, á dì, kò ní tú mọ́. Ẹ ṣe é níta, èéfín rẹ̀ kò dáa. Áńkárá ni kẹ́ ẹ fi ṣe inú rẹ̀ àti ìfàlọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i pé àpò ìrẹsì ni o, kì í ṣe àpò ajílẹ̀ tí wọ́n fọ̀.

Ìyá Ràmọ́tù (Gáà-Àkànbí)

Ó ti yé mi. Àpò Kùránì àti òṣùká fún ìyá, aṣọ ìgbékòkò àti bàágì fún ìyàwó wa, ayò fún àwọn ọmọ. Kúbùsù á di ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ wo ni kí n lò fún òfì? Ó nípọn gan-an.

Télọ̀ Ọ̀fà

Èyí tí wọ́n fi ń rán àpò, tí ihò rẹ̀ tóbi. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán áńkárá máa ṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là ra òwú yín kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, kò ní máa ta kókó.