Èsì: "ìyídìí" tàbí "ìlọ́bàdí" nínú béésíbọ́ọ̀lù?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkòròdú dábàá pé kí á máa pe agbára tí wọ́n fi ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù nínú béésíbọ́ọ̀lù àti sọ́fútíbọ́ọ̀lù ní "agbára apá", kí á sì pe iṣẹ́ tí ìbàdí ń ṣe níbẹ̀ ní "ìyídìí". Ìkejì pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, torí ijó ló kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Ti ijó kọ́ ló kàn mí. Ìtumọ̀ méjèèjì ni kò bá ohun tí ara ń ṣe mu.

Apá ló ń dé kẹ́yìn. Ilẹ̀ ni ipá ti ń wá: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ti ilẹ̀, ara á sún síwájú díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú á balẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ á tẹlẹ̀ dáadáa, orúnkún rẹ̀ tó tẹ̀ á wá máa nà. Lásìkò yẹn, ipá tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń tẹ ilẹ̀ ju ìwọ̀n ara onítọ̀hún lọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo apẹja tó ń da àwọ̀n nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí ọ̀sà níbí ní Ẹ̀pẹ́. Bí àwọ̀n ṣe ń lọ síwájú ni ọkọ̀ ń yẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń jẹ nínú ipá rẹ̀. Kí ẹni yẹn dúró sórí ilẹ̀ tó le létí omi, apá kan náà, àwọ̀n kan náà, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku "yí" inú "ìyídìí". Táyà ló ń yí: gbogbo rẹ̀ ló jọ ń lọ. Aṣọ tí a fọ̀ là ń lọ́: ọwọ́ kan dúró, èkejì ń lọ, aṣọ á le láàárín. Èyí gan-an ni ara ń ṣe. Ìbàdí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ kọjú sí ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù sí i nígbà tí èjìká ṣì wà lẹ́yìn. Iṣan ikùn àti ti ẹ̀gbẹ́ á nà, wọn á fa àyà tẹ̀lé ìbàdí. Bí ìbàdí àti èjìká bá jọ ṣí pọ̀ bí ilẹ̀kùn, kò sí ohun tó nà, kò sì sí ohun tí yóò fà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ gan-an nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ, "ìyídìí" á sì máa kọ́ wọn ní àṣìṣe náà. "Ìlọ́bàdí" ni tèmi. Ẹni tó ní ká kúkú pè é ní "ìlọ́ra" kò jìnnà sí i, àmọ́ ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní rò pé ìfàsẹ́yìn ni?

Àbúrò wa láti Àgbádárìgì mú "ẹ̀wọ̀n agbára" wá fún bí ipá ṣe ń ti ẹ̀yà ara kan bọ́ sí òmíràn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni etí Yorùbá máa kọ́kọ́ gbọ́ o! Ẹ jẹ́ ká lo "àtagbà ipá", bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ta búlọ́ọ̀kù látagbà. Kì í ṣe pé òun náà pé tán: búlọ́ọ̀kù kì í yára sí i lọ́wọ́ ẹni tó kẹ́yìn, ipá yìí ń yára sí i. Bíi kòbókò ni, ọwọ́ á dúró, ẹnu rẹ̀ á ta. Ìbàdí á dẹwọ́, àyà á sáré. Àyà á dẹwọ́, apá á sáré. Ọrùn ọwọ́ ló kẹ́yìn, orí igi á sì sáré ju gbogbo wọn lọ. Nínú béésíbọ́ọ̀lù, ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù á dúró ní nǹkan bí mítà 18.44 sí ẹni tó fẹ́ gbá a, bọ́ọ̀lù tó le á dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.4. Fífì igi fúnra rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 0.15 lọ. Kò sí àyè láti máa pàṣẹ fún ẹ̀yà ara lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe kan ṣì wà tí kò tíì lórúkọ: kí ìgbọ̀nwọ́ nà kí àyà tó yí dé. Ẹ gbé ọmọ odó, ẹ nà án jáde jìnnà sí ara, kí ẹ yíra padà. Lẹ́yìn náà ẹ fà á mọ́ àyà, kí ẹ tún yíra. Ẹ ó rí i pé ti àkọ́kọ́ ń wọ́ni. Igi tó bá jìnnà sí ara láìtó àkókò, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń falẹ̀. Ta ló ní ọ̀rọ̀ fún un?

Ní ti "fì" tí mo lò fún bí igi ṣe ń lọ láti gbá bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ pé àtùpà tí a so kọ́ náà ń fì, síwá sẹ́yìn, igi yìí kò sì ní ẹ̀yìn tó ń padà sí. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn ju "jù" tí àwọn kan ń lò. Ẹni tó bá ju igi lórí pápá, orí ẹlòmíràn ló máa bà.