Bill of lading orí kọ̀ǹpútà, ṣé ó ṣeé gbára lé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà mi ń bọ̀ láti London sí Àpápá, agent ní ká fi bill of lading ti bébà (ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ ojú omi tá a fi ń gba ọjà) sílẹ̀ ká lo ti kọ̀ǹpútà, ṣé òfin gbà á?

Ìdáhùn: Òfin UK gbà á o, láti September 20, 2023 ni Electronic Trade Documents Act ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n system orí kọ̀ǹpútà tí ìwé náà wà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kéèyàn méjì máa darí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan náà. PDF lásán kọ́ o!

Ìdáhùn: Ti kọ̀ǹpútà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Orijínà bébà mẹ́ta tí kúríà ń gbé kiri yẹn ló ń dá wa lóró, ọkọ̀ á ti gúnlẹ̀, bébà ò tíì dé, owó dẹ́mọ́réèjì (owó tí wọ́n ń gbà torí pé ọjà pẹ́ ní èbúté) á wá máa gorí ara wọn.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi báǹkì yín àti ẹni tó máa bá yín kílíà ẹ̀ l'Ápàpá bóyá wọ́n ń gbà á.