Èsì: “Ẹ̀yà kékeré aláìláṣojú” yìí ò dùn létí mi

Okun gbogbo ilé o.

Àbúrò wa ará Mọ̀pà, o ṣeun tó o ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ nípa ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà kí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti irú wọn lè di olùwádìí ìmọ̀ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n “akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀yà kékeré aláìláṣojú” tó o fi túmọ̀ “underrepresented minority students” yẹn, n kò gbà.

Ẹ wo “aláì-” yẹn ná. Ṣé aláìníyàá ní ìyá díẹ̀ ni? Aláìlówó ńkọ́? Tó o bá ti fi aláì- bẹ̀rẹ̀, o ti ní kò sí ẹyọ ẹnì kan wọn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀, wọn ò pọ̀ tó ni. “Tó” yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀, òun lo sì gé sọnù. Aṣojú wá ńkọ́? Ṣé sẹ́nétọ̀ ni wọ́n ń wá?

“Kékeré” ló bí mi nínú jù. Àwa Okun ò tó Ígálà níye ní Kogí. Ta ló máa wá sọ pé a ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n? Bákan náà, àwọn tí ìran wọn ti Ṣáínà àti Íńdíà wá ò pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n NIH, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí ìṣègùn, kò kà wọ́n mọ́ àwọn tí à ń wí yìí nínú àkójọ tó ń lò tẹ́lẹ̀, torí wọ́n kún yàrá ìwádìí. Aláwọ̀ dúdú, ọmọ Látìn, àwọn onílẹ̀ tí òyìnbó bá níbẹ̀ àti ará erékùṣù Pàsífíìkì ló kà nígbà náà. Ètò Meyerhoff tí wọ́n dá sílẹ̀ ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ní 1988, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ ìgbáradì, owó ilé ìwé, kí wọ́n jọ máa kàwé, kí ọwọ́ wọn sì tètè kan iṣẹ́ yàrá ìwádìí. Wọ́n ṣọ̀wọ́n nídìí iṣẹ́ náà ni.

Ìdí tí mo fi mú “ẹ̀yà aṣọ̀wọ́n” wá dípò rẹ̀ nìyẹn. Màmá wa ará Ìsánlú ní ó ń dún bí aṣọ ọ̀wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ mà, “ọ” méjì ló tẹ̀ lé ara wọn nínú aṣọ ọ̀wọ́n, ẹyọ kan ni tèmi. Lọ́dọ̀ àwọn tíṣà tó kọ́ mi ní Kàbà, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Kogí rárá, pàṣán ni ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ń jẹ.

Pé àbúrò wa tún pe ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ wọn sọ́nà ní “bàbá ìsàlẹ̀”, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ dìgbà ìbò.