Ojú ara ń ta mí ṣáá, tẹ́ẹ̀sì ò sì rí infẹ́kṣọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Àdùkẹ́_Kubwa
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá, kò sẹ́ni tí mo lè bi nílé ni. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ẹnu ọ̀nà ojú ara mi ti ń ta mí bíi kí wọ́n fi ata rodo pa á. Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì láti Kubwa lọ sí Central Area, tí gosiló wá mú wa, kí n tó bọ́ sílẹ̀ mi ò ní lè rìn dáadáa. Jíìnsì, mo ti kó gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi. Ti ọkọ mi ló wá le jù, tó bá ti kàn sún mọ́ mi báyìí, ara mi á ti le gbagidi kó tó fọwọ́ kàn mí, ó wá ń rò pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́ ni. Ìsàlẹ̀ ikùn náà máa ń wúwo.

Kẹ́míìsì ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n ni, mo lo èyí tí wọ́n ń gbé mì, mo lo èyí tí wọ́n ń tì sábẹ́, kò lọ. Màmá ọkọ mi ní kí n máa jókòó sínú omi gbígbóná tí wọ́n po álọ́ọ̀mù sí. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Haúsá ní gíṣírì ni, pé ìyá kan wà tó máa fi abẹ gé e kúrò. Ní ọsibítù tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n fi òwú gba nǹkan lábẹ́ mi lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọn ò rí kòkòrò kankan, sìkáànù náà ò rí nǹkan. Dókítà wá ní kí n lọ sinmi, pé wàhálà ló pọ̀ lórí mi. Ṣé wàhálà máa ń ta èèyàn lójú ara ni?

Ọmọ_Ìlọrin_Nyanya
Sístà mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyá alábẹ yẹn, ẹ sá fún un o!! Gíṣírì tí wọ́n ń gé yẹn, ògiri ojú ara ni wọ́n ń là, abẹ lè kan àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ wá máa dà sára èèyàn tọ̀sán-tòru. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kà á mọ́ dídábẹ́ fóbìnrin, l'Abuja níbí sì rèé, òfin VAPP ti ọdún 2015, tó lòdì sí ìwà ipá séèyàn, ti de dídábẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada
Àbúrò mi (mo ti lé láàádọ́ta, jẹ́ kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀), irora gidi ni irora ẹ, ìwọ kọ́ lo rò ó sára. Kí dókítà fọwọ́ sí i o, àmọ́ ohun tí o ṣàlàyé yìí jọ èyí tí wọ́n ń pè ní vulvodynia. Tí ojú ara bá ń dun obìnrin fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí tí wọn ò rí kòkòrò, egbò tàbí àrùn awọ tó fà á, òun nìyẹn. Ọkọ kọ́ ló kó o ran ìyàwó. Àwọn nẹ́ẹ̀fù ibẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìrora lọ sọ fún ọpọlọ, ló ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, kí pátá kàn rọra kàn wọ́n, wọ́n á ní iná ti jó wọn. Ara wá ń gbèjà ara ẹ̀, àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí tó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ dúró á fún pọ̀ gírígírí, wọn ò ní tú mọ́, fífún yẹn náà á wá máa dá irora tiẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ ikùn tó ń wúwo yẹn ti lè wá. Wàhálà lè dá kún un, ṣùgbọ́n "lọ sinmi" kì í ṣe ìtọ́jú, inú ń bí mi sí irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Àyẹ̀wò tó yẹ kí o bèèrè ò lówó lórí. Dókítà tó mọ̀ nípa obìnrin á mú òwú orí igi, irú èyí tí a fi ń nu etí, á máa fi tọ́ ẹnu ọ̀nà náà yíká díẹ̀díẹ̀, ìwọ á máa sọ ibi tó dùn àti bó ṣe dùn tó. Á fi ìka kan ṣoṣo yẹ iṣan inú wò. Kó wo awọ náà dáadáa, torí tó bá ń funfun tó sì ń yún, àrùn awọ kan tí wọ́n ń pè ní lichen sclerosus lè ni, ìyẹn ní ìpara tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà nǹkan oṣù ló máa ń le jù, tàbí tí o bá ń yàgbẹ́, kí wọ́n ronú kan endometriosis, ìyẹn kí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa hù síta ilé ọmọ, nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 ló ní in, sìkáànù sì lè má rí i.

Fisiotẹ́rápì, ìyẹn fífi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan, ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtọ́jú ẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀yìn àti orúnkún nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n á kọ́ ọ bí o ṣe máa mí wọnú ikùn kí ìsàlẹ̀ lè tú, wọ́n á fọwọ́ tú iṣan fún ọ. Tẹ́nì kan bá ní kí o máa ṣe Kegel, ìyẹn kí o máa fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bíi ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, má gbà, ẹni tí iṣan ẹ̀ dẹ̀ ló nìyẹn, tìẹ ti fún jù tẹ́lẹ̀. Bèèrè ní National Hospital tàbí Teaching Hospital tiwa ní Gwagwalada, kí o sọ ọ́ kedere pé ti ìsàlẹ̀ obìnrin lo wá fún. Dókítà lè kọ lidocaine 5%, ìpara tó ń jẹ́ kí ibẹ̀ kú díẹ̀, tí wàá máa fi pa ibẹ̀, ó sì lè kọ amitriptyline díẹ̀ lálaalẹ́. Bébà inú páálí máa sọ pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, má torí ẹ̀ jù ú nù, nẹ́ẹ̀fù ni wọ́n fẹ́ fi pa lẹ́nu mọ́. Ó ń fa oorun, ó ń gbẹ ẹnu, má sì dá a dúró lójijì. Iṣẹ́ abẹ wà, àmọ́ ìkẹyìn pátápátá ni.

Álọ́ọ̀mù, Dettol, ọṣẹ olóòórùn dídùn, fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Omi lásán, ìta nìkan.

Ìyá_Ìbejì_Kàdúná
Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ yìí ni mo rí lẹ́yìn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ojú ara mi nígbà tí mo bí ìbejì. Obìnrin tó ṣe fisiọ́ fún mi fún mi ní àwọn rọ́bà róbótó kan láti kékeré dé ńlá, èyí tó kéré jù ò ju ìka ọmọdé lọ, mo máa fi òróró sí i, màá mí sínú, màá mí síta, màá rọra tì í wọlé, tó bá ti ta mí màá dúró. Kò yá kíákíá o, ó gba oṣù, ọ̀sẹ̀ kan á dáa, èyí tó tẹ̀ lé e á burú. Tẹ́ ẹ bá ń lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, ẹ má fi òróró àgbọn tàbí faslíìnì sí i, ó máa ń bẹ́.

Bàbá_Wándé_Lugbe
Ọkùnrin ni mí, ẹ gbà mí láyè. Madam, ẹ mú ọkọ yín dání tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹnu dókítà ni èmi ti gbọ́ tó fi yé mi pé ìyàwó mi ò kórìíra mi. Wọ́n ní ká pa ìbálòpọ̀ tì ná, ká máa ṣe àwọn eré yòókù, a ò kú.

Àdùkẹ́_Kubwa
Háà, ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá Wándé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂 Àmọ́ àyẹ̀wò olówùú yẹn, ṣé kò ní dùn mí kú báyìí?

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada
Á ta ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀. Tí o bá ní kó dúró, ó gbọ́dọ̀ dúró. Ní dókítà obìnrin lo fẹ́, tí kò bá sí, kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì ọ́. Kó gbogbo èsì tẹ́ẹ̀sì tó wà nílé dání kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀ antibáyọ́tíìkì láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí o bá sì rí egbò, kókó, ibà, tàbí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ, lọ lọ́jọ́ náà.