Ẹ bá mi wá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò kò ní gbà RÁRÁ ní Sípéènì, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi

Màmá Tóbi, Leeds
Ẹ kú ilé o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ lónìí ó ti dé góńgó. Bàbá Tóbi ti fi orí kunkun pé kẹ̀kẹ́ la máa fi ṣe ìsinmi ọdún yìí, ní Sípéènì, àwa méjèèjì, ọjọ́ márùn-ún. Mo ní ṣé a ò lè jókòó sétí òkun bíi ti àwọn ojúgbà wa ni. Ó ní òun kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀.

A gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá ní Mallorca, erékùṣù Sípéènì kan. Ilé tá a dé sí, láràárọ̀ búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátì pa lára ni wọ́n ń gbé síwájú wa. Kì í ṣe ọbẹ̀ o, wọ́n kàn mú tòmátì, wọ́n fi nu búrẹ́dì. Mo ní kí wọ́n fún mi lẹ́yin, wọ́n ń wò mí. Lọ́jọ́ kejì la gba ọ̀nà kan tí ẹni tó yá wa ní kẹ̀kẹ́ ní ó rọrùn. Bọ́ọ̀sì ńlá kan dé lẹ́yìn wa, kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ mi ti wà nínú kòtò. Orúnkún ẹ̀ bó yànmọ̀yànmọ̀. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀, ó ní ká máa lọ. Èmi ni mo sunkún. Ni àbúrò ẹ̀ obìnrin bá pè mí láti Ìbàdàn pé mo fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n òun. Èmi tí mo ní ká lọ sétí òkun!

Ọ̀nà tí mọ́tò kò gbà ni mò ń wá. Mi ò sọ pé ọ̀nà tí mọ́tò ò pọ̀. Òkè gíga náà ò gbọdọ̀ sí ńbẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ká wọ aṣọ tó ń tàn yòò, a ti rà á.

Àyìndé Onírin
Ẹ kú ìdààmú, mà. Vía Verde lẹ̀ ń wá. Ojú irin rélùwéè tí wọ́n pa tì ni, wọ́n hú irin kúrò, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àtẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣe é, ó ti lé ní 3,000 kìlómítà káàkiri Sípéènì. Rélùwéè ò mọ òkè gùn, ìyẹn ni ọ̀nà náà ò ṣe ga.

Èyí tó dùn jù ni Vía Verde de la Sierra, láti Olvera sí Puerto Serrano, 36 kìlómítà, ní Andalusia, gúúsù Sípéènì. Wọ́n gbẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì 30 síbẹ̀, wọ́n kọ́ afárá, wọn ò parí ẹ̀, rélùwéè kan ò sì gba ibẹ̀ kọjá rí. Àpáta ńlá kan wà lọ́nà tó ń jẹ́ Zaframagón, ilé igún ni. Mo jókòó sábẹ́ ẹ̀ mò ń jẹ sàdíìnì, àwọn igún ń yí po lókè orí mi. Mo ní ẹ ní sùúrù, mò ń sinmi ni, mi ò tíì kú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon
Wọ́n kọ́ ojú irin, wọn ò parí ẹ̀, rélùwéè ò gba ibẹ̀ rí? 😂😂 Àṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan.

Bùnmi A.
Màmá Tóbi, ẹ sọ ti búrẹ́dì, ẹ sọ ti tòmátì, ẹ sọ ti àbúrò ọkọ. Ẹ ò sọ oṣù tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Kìlómítà mélòó lẹ lè gùn lóòjọ́? Ṣé ẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ lọ ni àbí ẹ máa yá a?

Màmá Tóbi, Leeds
Ẹni tí kò bá jẹ búrẹ́dì yẹn ò lè mọ ohun tójú mi rí. Oṣù kẹjọ ni, ìgbà yẹn ni ibi iṣẹ́ mi lè fún mi láyè. A máa yá kẹ̀kẹ́ ni. Àyìndé, ẹ ṣeun, Olvera yẹn wù mí.

Bàbá Ìbejì
OṢÙ KẸJỌ? Ní Andalusia? Mo gba Vía Verde del Aceite lóṣù keje, láti Jaén lọ sí Puente Genil, 128 kìlómítà, ọ̀nà tí rélùwéè fi ń kó òróró ólífì nígbà kan. Àwọn afárá onírin ẹ̀ dára o. Àmọ́ igi ólífì ò ga, òjìji ẹ̀ ò bo èèyàn. Oko ólífì lọ́tùn-ún, oko ólífì lósì, oòrùn lórí. Nígbà tí mo fi máa dé Alcaudete, omi inú ìgò mi ti gbóná tó èyí tí wọ́n fi ń po ẹ̀kọ mímu. Mo sùn sábẹ́ afárá fún wákàtí mẹ́ta bí ẹni tílé lé kúrò. Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún, tàbí ìkẹwàá ló yẹ kéèyàn lọ síbẹ̀.

Àyìndé Onírin
Èmi lọ lóṣù kẹjọ, kò pa mí. Ẹni tó bá ti tètè jáde láago mẹ́fà, ó parí.

Bàbá Ìbejì
O ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ti lọ́mọ tó dàgbà.

Mummy Tèmi
Kí ẹ tó máa jà lórí oòrùn, ìwé ìrìnnà wo ni wọ́n mú lọ́wọ́? Ẹni tó bá ṣì ń lo ti Nàìjíríà, bó ti wù kó pẹ́ tó ní London, ó gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Sípéènì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ọ̀dọ̀ wọn lówó mi wọlé sí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo ti sanwó kẹ̀kẹ́, mo ti sanwó ilé, físà ò jáde. Títí di òní, mi ò tíì lè wo àwòrán ólífì.

Màmá Tóbi, Leeds
Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì la ní, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Àyìndé, tọ́nẹ́ẹ̀lì 30 yẹn, ṣé iná wà nínú wọn?

Àyìndé Onírin
Ó wà nínú àwọn kan, á tàn bẹ́ ẹ bá ti wọlé. Àwọn mìíràn ò ní. Èyí tó gùn jù máa ń sún mọ́ kìlómítà kan. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kẹ́ ẹ bọ́ jígí oòrùn kẹ́ ẹ tó wọlé. Láti inú oòrùn ọ̀sán bọ́ sínú òkùnkùn yẹn, bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ dúdú bo èèyàn lójú ni. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín, ẹ kàn máa gbọ́ omi tó ń kán tó, tó, tó. Mo kọ lu òyìnbó kan nínú ẹ̀, àwa méjèèjì jọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ògiri.

Màmá Tóbi, Leeds
Ìyẹn ò ní ṣeé ṣe o.

Bùnmi A.
Nítorí kí ni? Tọ́ọ̀ṣì ò wọ́n.

Màmá Tóbi, Leeds
Mi ò fẹ́ sọ ọ́ níbí. Ọkọ mi ní glaucoma, àìsàn tó ń ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú méjèèjì. Iwájú ló ń rí, ẹ̀gbẹ́ ti ń lọ. Tílẹ̀ bá ṣú, ó di ọwọ́ mi kó tó sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàsọ̀. Ó ti dá ìwé ìwakọ̀ ẹ̀ padà láti ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tó dá a padà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí dọjọ́ kejì, ló bá lọ ra kẹ̀kẹ́.

Bọ́ọ̀sì Mallorca yẹn, kò sún mọ́ wa. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ará ilé. Òun ló yà sọ́dọ̀ ẹ̀ láìmọ̀, kò rí i rárá. Awakọ̀ fọn fèrè, ẹ̀rù bà á, ló bá yà sínú kòtò. Àbúrò ẹ̀ ò mọ̀ pé ojú ló ń ṣe é. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé.

Bàbá Ìbejì
Ha. Ìbá dáa kẹ́ ẹ ti fi èyí ṣáájú, ìyàwó wa. A ti ń tì yín sínú ihò 30.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Croydon
Kó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìwọ, rọra. Nínú ilé wa, bàbá mi ni ó ní in. Nígbà tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n tún ní kó má lọ sọ́jà, kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́. Àga kan báyìí ló jókòó sí tó fi lọ. Màmá Tóbi, ṣé dókítà ojú ẹ̀ mọ̀ pé ó ń gun kẹ̀kẹ́? Ẹ lọ bi í ní tààrà, kẹ́ ẹ mú àwòrán ibi tójú ẹ̀ ń rí dé dání. Kí oògùn ojú ẹ̀ má sì wọ inú báàgì tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú.

Màmá Tóbi, Leeds
Oògùn ojú, mo ń kán an fún un lálaalẹ́, kò fìgbà kan yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Dókítà ni mo bèèrè.

Bùnmi A.
Ọ̀rọ̀ ti yí padà, jẹ́ n dáhùn lákọ̀tun. Ẹ fi Andalusia sílẹ̀, ẹ lọ sí Girona ní Catalonia, àríwá ìlà-oòrùn Sípéènì. Ojú irin kékeré kan wà ńbẹ̀ tí wọ́n pa tì ní 1969, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni báyìí. Láti Olot sí Girona jẹ́ 54 kìlómítà, ẹ lè pín in sí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Rélùwéè ò dé Olot mọ́, bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀ láti Girona. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Olot, ẹ máa gun òkè díẹ̀ dé Coll d'en Bas, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀nà ń sọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba Sant Feliu de Pallerols, Amer àti Anglès títí wọ Girona. Ilẹ̀ ibẹ̀, yanrìn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Táyà fẹ̀ǹfẹ̀ ni kẹ́ ẹ yá, kì í ṣe tínínrín. Tó bá ku ọjọ́, òmíràn tún lọ láti Girona dé etí òkun ní Sant Feliu de Guíxols, 39 kìlómítà. Ẹ̀yin náà á rí etí òkun yín.

Mi ò ní tàn yín o: "RÁRÁ" tẹ́ ẹ kọ yẹn ò sí. Títì máa ń dábùú ẹ̀, ó sì máa ń gba àárín ìlú. Níbi tí títì bá ti dábùú ẹ̀, kí ẹ̀yin wà níwájú, kẹ́ ẹ sọ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá.

Àyìndé Onírin
Àbí kí wọ́n yá kẹ̀kẹ́ alájókòó méjì? Màmá níwájú, Bàbá lẹ́yìn. Ẹ bi àwọn tó ń yá kẹ̀kẹ́ ní Girona, ìlú ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni.

Màmá Tóbi, Leeds
Èmi níwájú ọkọ mi? Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni.

Bàbá Ìbejì
Ẹ sì tún ti gbàgbé ọ̀rọ̀ oṣù kẹjọ. Girona náà ń gbóná.

Màmá Tóbi, Leeds *(lọ́jọ́ kejì)*
Mo ti gba ọjọ́ dókítà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ alájókòó méjì han Bàbá Tóbi lórí fóònù lálẹ́ àná. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó títí, mo rò pé ìjà ló máa dé. Ó wá bi mí pé ta ni bíréèkì máa wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní èmi. Ó ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa nígbà náà, nítorí ní Mallorca, òun gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo Jésù ní gbogbo ibi tó bá ti dà gẹ̀rẹ́.